Ìmọ́lẹ̀ tó ń tú àṣírí ohun tó sá pamọ́ sínú koríko

Bí wọ́n bá kun ike ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n gbé e sínú koríko, ojú wa lè má rí i rárá. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan wà tó lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń mì bó ṣe ń rìn, bí okùn tí ẹnì kan di etí rẹ̀ mú tó ń jù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mì síhà gbogbo: lókè sódò, lọ́tùn-ún sósì. Tó bá kọlu ohun tó ń dán, bí omi, gíláàsì tàbí ike, púpọ̀ nínú èyí tó ta padà á máa mì síhà kan ṣoṣo. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní lumière polarisée. Étienne-Louis Malus, ọmọ Faransé, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1808, nígbà tó fi òkúta kirisítà wo oòrùn tó ń dán lójú fèrèsé ààfin Luxembourg ní Paris.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Ẹ mú awò ojú tí wọ́n ní ó jẹ́ polarisant, ẹ fi wo ojú calculatrice, kí ẹ máa yí awò náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ibì kan, ojú ẹ̀rọ á ṣú. Bí kò bá ṣú rárá, wọ́n ti ta ayédèrú fún yín nìyẹn.

Kámẹ́rà náà ní irú awò bẹ́ẹ̀. Ó ń ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, awò á wà ní 0, 45, 90 àti 135 degré. Koríko àti ilẹ̀ rí hákahàka, wọ́n ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, nítorí náà àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ti ike tó ń dán kì í jọra. Kọ̀ǹpútà á fi wọ́n wéra, á sì fi ibẹ̀ hàn.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ní Casamance, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 mú kí bọ́ǹbù wà nínú ilẹ̀ oko. Ike ló pọ̀ jù lára bọ́ǹbù ilẹ̀ mìíràn, ẹ̀rọ tó ń wá irin kì í sì í tètè gbúròó rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi dán irú kámẹ́rà yìí wò fún wíwá bọ́ǹbù.

Àmọ́ kò lè rí inú ilẹ̀ o. Èyí tó yọrí síta nìkan ló lè fi hàn, ewé tó ń dán sì lè tàn án jẹ. Ó lè sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ibì kan ti mọ́ fún ọmọdé láti rìn.