Ọlọ́pàá Inú Ọgbà Yunifásítì: Èsì Ìbéèrè Ìyá Kan



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán tí àwọn ènìyàn ń tú ká, ìyá kan dúró dè mí ní ẹ̀bá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òkú ni. Ó ní, "Àáfà, ẹ má jáyà, kò sí ẹni tí ó kú. Ọmọ mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni. Ó ní òun fẹ́ di ọlọ́pàá. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìgboro, ǹ bá gbà. Ó ní inú ọgbà yunifásítì ni òun yóò ti máa ṣe é. Ṣé ohun tí mo torí rẹ̀ ta ilẹ̀ rán an lọ nìyí?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyá yìí ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù tí ó ń bà á ní ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Yaba, ìjọba ológun fi kún owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń san. Oúnjẹ òòjọ́ tí ó jẹ́ 50 kọ́bọ̀ di náírà kan àbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde, wọ́n ń pariwo pé kí Ali máa lọ, èyíinì ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tí ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá yìnbọn ní Yunifásítì Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jẹ́ Akíntúndé Òjó sì kú. Ní Zaria pẹ̀lú, ẹ̀mí ṣòfò. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1971. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ tọ̀hún pẹ̀lú, ìbọn ọlọ́pàá ni ó parí rẹ̀, Kúnlé Adépéjù kò sì padà sílé mọ́. Ẹ rí i pé bí a bá pe ọlọ́pàá àti yunifásítì pọ̀ létí ìyá yìí, ẹ̀fin ni imú rẹ̀ ń gbọ́.

Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún léèrè, mo sì ka ohun tí mo lè kà. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọlọ́pàá tí ó wọ Yunifásítì Èkó lọ́jọ́ náà, àlejò ni. Láti ìta ni ó ti wá, kò mọ orúkọ ẹnì kan níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ṣọ́ tí yunifásítì gbà síṣẹ́ ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí ọ̀ràn bá sì ju agbára wọn lọ ni a ń ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá fún oṣù mélòó kan, wọ́n ń búra bí ti ìgboro, wọ́n lè mú ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì ń gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ọgbà náà ni àdúgbò wọn. Ẹni tí wọ́n bá bú lónìí, wọn yóò tún pàdé rẹ̀ lọ́la.

Yunifásítì Yale ní ìlú New Haven ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní ọdún 1894. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú kò gún nígbà náà. Àhesọ tilẹ̀ wà pé àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn ń hú òkú ní ibojì. Ọlọ́pàá ìlú méjì, Bill Weiser àti Jim Donnelly, ni a yàn sínú ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fura sí wọn. Ta ni kò ní fura? Ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lára, Weiser sì kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà ní ọdún 1914, ó pè é ní Yale Yarns.

Ọmọ ìlú wa kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án. Òun ni ó là mí lójú jù. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ó ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Yóò de aṣọ tí ọta ìbọn kì í là kọjá mọ́ àyà, yóò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Lẹ́yìn èyí, ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní bí ẹnì kan bá bi òun léèrè iṣẹ́ tí òun ń ṣe, òun á ní òun ń ti ilẹ̀kùn wò. Ilé ìkàwé, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, nínú òtútù tí ń la ènìyàn ní ètè. Èyí tí ó yẹ kí ó wà ní títì tí kò sì tì, yóò wọlé lọ wò ó. Ìpè a sì máa wọlé láàárín èyí: ẹni tí ó ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ inú yàrá, ẹni tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó mu ọtí àmupara, tí a ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé, ọmọbìnrin tí ó kàwé di aago méjì òru tí kò fẹ́ dá rìn. Yóò bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò dúró títí iná yàrá rẹ̀ yóò fi tàn.

Ìpè tí ó ní ó wúwo jù ni ti àwọn òbí. Ìyá wà ní ọ̀nà jíjìn, ọmọ rẹ̀ kò gbé fóònù láti ọjọ́ méjì. Ọlọ́pàá ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ náà ń sùn ni, tàbí fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi. Nígbà kan, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìyá tí ó pè, ó mọ̀ pé ará ilé ni, ó sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Ìyá náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹkún ni. Ọmọ rẹ̀ wà lálàáfíà, ìdánwò ni ó ń kàwé fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, tí ó di dandan kí wọ́n já a. Kò sọ ìyókù fún mi, èmi náà kò sì bi í.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1986, ní Yunifásítì Lehigh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan wọ yàrá tí Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19, sùn sí. Ó fipá bá a lò, ó sì pa á. Ilẹ̀kùn mẹ́ta tí ń ti ara wọn ni ó yẹ kí ó bá ní títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi páálí há wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìgbà tí ọmọ ti kú tán ni àwọn òbí rẹ̀ tó gbọ́ pé ìwà ipá 38 ni ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà láàárín ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n mú ọmọ wọn wá. Wọ́n pe ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́jọ́. Wọ́n kiri ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin títí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní ọdún 1990, orúkọ ọmọ wọn ni òfin náà sì ń jẹ́ láti ọdún 1998. Yunifásítì tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ iye ìwà ọ̀daràn tí òfin kà sílẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá tó kọjá. Bí ó bá ní ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ ọ̀ràn ojoojúmọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè béèrè láti wò. Bí ewu bá ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ béèrè ìwé ọdọọdún yìí.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá náà, ó ní, "Ta ni a ó béèrè tiwa lọ́wọ́ rẹ̀?" Àwa méjèèjì ni a rántí òru ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999 ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Gbọ̀ngàn Awólọ́wọ̀, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. N kò rí èsì fún un.

N kò ní tàn yín jẹ o. Ọlọ́pàá inú ọgbà náà a máa ṣìwà hù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis, ọlọ́pàá ọgbà fín oògùn ata sí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo ayé sì rí àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 2012, yunifásítì náà gbà láti san nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là kan. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní yunifọ́ọ̀mù ni yunifọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí a bá ṣe léṣe ni ó jẹ́ pé obìnrin bí tirẹ̀ ni yóò fẹ́ sọ fún. Nílé níbí, láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti fọwọ́ sí i pé kí ọlọ́pàá obìnrin tí ó bá fẹ́ máa wọ híjáàbù sábẹ́ fìlà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìbòrí ni kò jẹ́ kí ọmọ òun ṣe é, kí ó wá àwáwí mìíràn.

Ìyá náà bi mí bóyá iṣẹ́ ìbọn kò ní ba ẹ̀sìn ọmọ òun jẹ́. Mo rán an létí Sáyídínà Umar tí ń rìn kiri lóru ní ẹ̀yìn Mẹ̀dínà, tí ó bá obìnrin tí ó gbé òkúta kaná kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé oúnjẹ ń bọ̀. N kò tíì dé ibi tí ó ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọn ìyẹ̀fun nígbà tí ìyá gba ìtàn náà lẹ́nu mi, ó sì parí rẹ̀.

A pe ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀ kò kí i kú oríire. Ó bi í bóyá yóò rí àyè jẹ sààrì bí iṣẹ́ òru bá bọ́ sí oṣù ààwẹ̀. Ó ní, "Màmá, n ó máa jẹ ẹ́ nínú mọ́tò." Ó bi í bóyá yóò máa gbé ìbọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ìyá ọmọ kan bá pè ọ́ lóru, má jẹ́ kí ó pè lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ ṣe àlùwàlá ìrun Mọ̀gàríbì.