Owó Ilé Kì í Ṣe Èrè Ilé

Láàárín àwọn Yorùbá, ẹni tí ó bá kọ́ ilé ni a gbà pé ó ṣe ohun gidi láyé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń kó owó ìfẹ̀yìntì wọn lé ilé tí wọn yóò fi gba ayálégbé, pẹ̀lú ìrètí pé owó rẹ̀ ni wọn yóò máa jẹ títí dọjọ́ alẹ́. Ìrètí yìí kò burú. Ohun tí ó burú ni pé ọ̀pọ̀ onílé a máa ka owó tí ilé ń mú wọlé, wọn kì í ka èyí tí ilé fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé oníyàrá 10 kan ní Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilẹ̀ àti ilé náà gba ₦20,000,000, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú ₦10,000 wá lóṣù, onílé yóò sọ pé ₦1,200,000 ni òun ń rí lọ́dún. Ṣùgbọ́n ayálégbé a máa kó jáde, yàrá a sì máa ṣófo. Bí àròpọ̀ oṣù tí àwọn yàrá fi ṣófo bá jẹ́ 12, ₦120,000 ti lọ. Bí ayálégbé mẹ́ta bá jẹ gbèsè oṣù méjì-méjì tí wọn kò sì san án, ₦60,000 tún lọ. Bí aṣojú tí ń bá onílé gba owó bá mú ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó wọlé, ₦918,000 ni yóò kù.

Ìnáwó tí ó máa ń tan onílé jẹ jù ni èyí tí kì í dé lọ́dọọdún. Òrùlé tí yóò gba ₦4,000,000 lẹ́yìn 20 ọdún ń jẹ ₦200,000 lọ́dún, bí kò tilẹ̀ tíì jò. Ọ̀dà tí a ń fi ₦400,000 kùn ní ọdún márùn-ún márùn-ún ń jẹ ₦80,000. Bí kíkó ṣalángá bá gba ₦60,000, tí owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ sì jẹ́ ₦28,000, ₦550,000 péré ni yóò kù. Èyí kò tó ìdajì owó ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò pé ₦3 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí onílé ná. Lóòótọ́, ilẹ̀ lè gbówó lórí sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tà á kò lè fi ra oúnjẹ.

Ẹlòmíràn lè rò pé lílé ajigbèsè jáde ni yóò tán ìṣòro náà. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi tipátipá lé ayálégbé. Ilé ẹjọ́ ni onílé gbọ́dọ̀ lọ, ẹjọ́ a sì máa gba àkókò àti owó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ìgbà tí onílé bá kú. Àwọn ọmọ a máa pín owó ilé ní ìdí-igi, ṣùgbọ́n kò sí ìdí-igi tí ń gba òrùlé sí ìpín tirẹ̀. Páànù a jò, ikán a mú igi àjà, ayálégbé rere a sì wá ibòmíràn lọ.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí onílé kọ́kọ́ yọ ìpín ilé sọ́tọ̀ sí báńkì, kí ó tó jẹ ìpín tirẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.