Àtúnṣe Ilé Ẹ̀kọ́ Oníhò

Ẹni tó bá dúró níwájú Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn á rí i pé ihò ló kún ara ògiri rẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sínú ọgbà náà lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún sílẹ̀ ní 1948. Ihò yẹn ń ṣiṣẹ́. Kọnkéré oníhò a máa ṣíji bo fèrèsé kí oòrùn má baà ráyè wọlé, síbẹ̀ kì í dí atẹ́gùn lọ́nà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a sì máa tẹ́ẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn tó bá gba ìhín wọlé lè gba ọ̀hún jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún un ṣe, tó wá fi gíláàsì dí ihò, tó gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ògiri, ilé ló bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná lọ lọ́sàn-án kan péré, ẹ ó rí i bí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ṣe máa sá jáde.

Kọnkéré fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Tó bá ṣì tuntun, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí irin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ dípẹtà. Àmọ́ kábọ́nì dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́ ń rọra wọnú rẹ̀ lọ́dọọdún, ó ń pa agbára yẹn. Tó bá dé ìdí irin, tí omi òjò náà débẹ̀, irin á dípẹtà, á wú, á sì fọ́ kọnkéré láti inú wá. Ara àwọn ihò ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí kọnkéré ibẹ̀ tín-ín-rín, irin ò jìnnà sójú. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ á fi òòlù kàn án wò; ibi tó bá ti dún bí igbá òfìfo, kọnkéré ti ṣí kúrò lára irin níbẹ̀. Á gbẹ́ ẹ títí tí ìka ọwọ́ á fi lè gba ẹ̀yìn irin kọjá, á ha ìpẹtà kúrò, á kun irin lọ́dà tó ń dènà ìpẹtà, kó tó dí ojú rẹ̀ padà. Àwọn tó kàn ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi ọ̀dà bò ó, owó wọn ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Tí yàrá ò bá wá tó mọ́ ńkọ́? Ẹ má lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀yìn ilé àtijọ́, torí fèrèsé ìhà ibẹ̀ á kú. Ẹ má sì kọ́ ọ dí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sí Ìbàdàn nígbà òjò. Ilé tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n kan òrùlé sí láàárín méjèèjì, ló dáa jù. Kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí tuntun ti pàdé àtijọ́: ilẹ̀ ti gba ti àtijọ́ dúró tipẹ́, tuntun ṣì máa rì díẹ̀, bí wọ́n bá sì so wọ́n pọ̀ gírígírí, ojú ibẹ̀ ló máa sán.