Ibi Tí Dígí Tírélà Kò Dé

Gbogbo àwa tí à ń di obì sí tírélà ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Láti 1972 tí Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Apá ọ̀tún tí àwa ń dúró sí létí títì gan-an ni ojú rẹ̀ kò tó. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń di ẹrù mi, mo gun àga dẹ́rẹ́bà, mo wo dígí ọ̀tún. N kò rí ọmọ mi tó gbé agbọ̀n dúró ti ilẹ̀kùn! Àyà mi já.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun mìíràn ní iná kékeré lára dígí, tó ń tàn bí ọkọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rádà ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń fa ẹrù, ẹrù náà lè dí rádà lójú. Òmíràn a tanná lásán, òmíràn a pa ara rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń gba gígùn ohun tí wọ́n ń fà, kí wọ́n lè ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyẹn náà. Tírélà àtijọ́ tiwa ńkọ́? Ojú mọ́tò bọ́ì ni, ìyẹn bí kò bá sùn.

Bí o kò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí ọ. Bí orí tírélà bá sì yà sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ á gé kọ́nà mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń kiri.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá dá a lábàá pé ká pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.