Ọwọ́ Tí Ó Mọ Ìgbà Tí Yóò Dẹ̀: Orin Nínú Ìsìn Kristẹni

Kí akọrin tó la ẹnu nínú ṣọ́ọ̀ṣì, etí àwọn àgbà ìjọ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí ìdí dùùrù. Bí ó bá ń fi ìka dárà kí ayé lè mọ̀ pé ó gbọ́n, wọn yóò yìn ín, ṣùgbọ́n wọn yóò gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá sílé Ọlọ́run. Bí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́, tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin ṣáájú, ẹni tí ó di ẹrù wá yóò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wá. Thomas Ekundayo Phillips, tí a bí ní 1884, kọ́ iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di atẹdùùrù ní 1914 ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a mọ̀ lónìí sí Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó. Títí di 1962 ni ó fi wà nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ iṣẹ́ ní kékeré. Sowande lu jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ó mọ̀ pé ibì kan kì í ṣe ìkejì.

Ohùn èdè Yorùbá gan-an ń béèrè ìkóra-ẹni-níjàánu. Nígbà tí a túmọ̀ orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tiwọn ni a fi ń kọ ọ́. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí a ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ẹ̀jẹ́ ni etí Yorùbá yóò gbọ́. Omijé wo ni ó fẹ́ bọ́ nídìí èyí? Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ohùn orin tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ní 1922, ó kọ orin 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti ìlù ni ó le jù. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ìjímìjí tilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí òun kan náà ni a fi ń kí òrìṣà. Lónìí, ó ti wọlé tán. Ṣùgbọ́n gángan kì í ṣe agogo, ó ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, bí olówó bá ti ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ, ọwọ́ onílù a máa tètè fi oríkì Ọlọ́run sílẹ̀ bọ́ sí ti ìdílé ọkùnrin náà, owó a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Àwọn kan ní kò sí aburú níbẹ̀, pé oríkì ni í ṣí ọkàn ẹni tí ó ń dúpẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìwé kékeré lọ́wọ́ ń kọ́? Ìlù ti dákẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ta ni à ń sìn nígbà náà?

Onílù tí ó mọṣẹ́ kò ní pa orúkọ ẹnikẹ́ni lójú pẹpẹ. Orin tí ìjọ ń kọ ni yóò máa gbè, ìlù kan náà ni yóò sì lù fún olówó àti fún opó. Bí a bá ní kí a gbàdúrà, yóò tú abíyá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọṣán gángan yóò dẹ̀, yóò sì gbé kọ̀ǹgọ́ lé itan.