Nígbà tí Gbèsè Bá Ju Owó Oṣù Lọ

 

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí pín sàká ní Òkè-Fìà, opó àti ọmọ òrukàn ló ń wá bá wa. Ní báyìí onígbèsè ń pọ̀ sí i, ìgbà mìíràn opó kan náà sì ni onígbèsè. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wá, ó ní ₦80,000 lòun jẹ. Nígbà tí a jókòó tì í, tí a ní kó ṣí fóònù rẹ̀, gbèsè náà di ₦415,000 lọ́wọ́ ayánilówó márùn-ún. Ti àkọ́kọ́ ló fi san owó ilé-ìwé. Ó yá ìkejì láti fi san àkọ́kọ́, ó yá ìkẹta láti fi san ìkejì. Kò purọ́ fún wa. Òun náà kò tíì rò ó pọ̀ rí ni.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ni pé kó mú bírò àti ìwé. Kọ orúkọ olówó, iye tó wọ ọwọ́ rẹ gan-an, iye tí o ti san, àti iye tí wọ́n ní ó kù. Ká ní o tọrọ ₦50,000 lórí fóònù. Wọ́n yọ owó tiwọn sílẹ̀, ₦42,000 ló dé ọwọ́ rẹ, ₦60,000 ni o máa dá padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èlé ₦18,000 lórí ₦42,000 ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ṣogúndogójì tí àwọn àgbà ń sá fún náà nìyẹn, fóònù ló gbé e wọlé.

A ò ní dá onígbèsè lẹ́bi jù. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, láti oṣù keje ọdún 2015 títí wọ 2018, ààbọ̀ owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele kejìlá sókè ń gbà. Owó àjẹṣẹ́kù tí wọ́n ti yá kò di ààbọ̀, owó ilé-ìwé náà kò di ààbọ̀. Ìjọba tó dé ní oṣù kọkànlá 2022 ló bẹ̀rẹ̀ sí san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àìtó owó ti tì sọ́dọ̀ àwọn tí ará ọjà ń pè ní gbómúlélántà, èlé kò dúró dè é.

Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́, ó kan ọ̀rọ̀ olówó. O lè bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ọjọ́ síwájú. Súrátúl-Bàkárà, ẹsẹ̀ 280, ti pàṣẹ pé kí olówó fún ẹni tí ara ń ni ní àsìkò, ó sì fi hàn pé bó bá fi owó náà tọrẹ, ìyẹn ló dára jù. O sì lè bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀dínwó, kó gba díẹ̀ kó fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn kan rò pé ìtìjú ni èyí. Ẹ gbọ́ ìtàn sàhábé méjì. Ka'b ọmọ Malik ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ Ibn Abi Hadrad nínú mọ́sálásí ní Mẹ̀dínà, ohùn wọn sì ròkè dé etí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ilé rẹ̀. Ó ká aṣọ ìkélé, ó fi ọwọ́ júwe fún Ka'b pé kó yọ ààbọ̀. Ka'b gbà. Ànábì wá ní kí onígbèsè dìde, kó lọ san.

Ìparí ìtàn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ tí yóò san lójú ẹsẹ̀. Bí o bá lọ dúnàádúrà lọ́wọ́ òfo, ìlérí lásán lo gbé lọ. Ọ̀dọ̀ méjì ni a bá ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn dé. Ọ̀kan gbà kó san ìyókù ojú owó, ó fi èlé sílẹ̀. A gba ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ sí kí a tó san kọ́bọ̀. Èkejì kọ̀ jálẹ̀, ó sì ń san án lóṣooṣù títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Ti báńkì tún yàtọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2020 ni báńkì àpapọ̀ ti fi ètò GSI lélẹ̀: bí o bá jẹ báńkì kan ní gbèsè, ó lè tipasẹ̀ BVN rẹ mú owó nínú àkáǹtì tí o ní ní báńkì mìíràn. Fífi owó pamọ́ síbòmíràn kò gbani. Ojú owó àti èlé rẹ̀ ni ètò náà wà fún, kì í ṣe owó ìtanràn tí wọ́n bá fi kún un.

Ní ti àwọn orí fóònù tó ń fi ìròyìn ìtìjú ránṣẹ́ sí àna àti ọ̀gá rẹ, òfin lòdì sí i. Láyé àtijọ́, ẹni tó dógò tì ọ́, o kúkú ń rí ojú rẹ̀ lójúde. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé Soko Lending lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀, àjọ FCCPC sì gbé ìlànà tuntun jáde fún wọn ní oṣù keje 2025. Tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, má pa wọ́n rẹ́. Òun ni ẹ̀rí tí o máa gbé lọ bá FCCPC.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní kí a bá òun sọ ti ọmọ òun tí gbèsè káàdì ìrajà wọ̀ lọ́rùn ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kan pè é lórí fóònù pé àwọn yóò bá a bu gbèsè kù, kó kọ́kọ́ sanwó. Kó má san. Láti ọdún 2010 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ títí wọ́n á fi yanjú ó kéré tán gbèsè kan. Kó tún mọ̀ pé ìjọba lè ka gbèsè tí wọ́n bá fi jì í sí owó tó wọlé fún un, kí wọ́n sì gba owó orí lórí rẹ̀.

Yíyá òmíràn láti fi san gbèsè, àfi tí kò bá ní èlé, irú èyí tí ẹbí tàbí àjọ lè ṣe. Ẹni tí gbogbo èyí kò bá ká, ẹsẹ̀ 60 nínú Súrátút-Táobà ti ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ọwọ́ olówó la máa ń san án sí, kì í ṣe ọwọ́ onígbèsè, kí ẹ má bínú sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun dé ọ̀dọ̀ olówó, kó mú ìwé tó kọ yẹn, fóònù rẹ̀ àti onídùúró rẹ̀ bó bá ní, wá sí ọ́fíìsì wa lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Sátidé. A kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ ìwáàsí.