Ẹ̀rọ Kì Í Dédé Kú: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Pé Àtúnṣe Ti Yá

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ omi àti yàrá tútù àwọn ẹlẹ́ja wa ni mo fẹ́ sọ lónìí. Gbogbo ìgbà tí a bá ní ká dáwó àtúnṣe, àwọn kan á ní, "Ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Kí lẹ tún fẹ́ ṣe lára ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ó yẹ ká dáhùn ẹ̀.

Ẹlòmíì máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí á fi kú. Kò burú fún gílóòbù iná, bó bá jó a ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n yàrá tútù tí ẹja kún inú ẹ̀ ńkọ́? Gbèsè nìyẹn. Ẹja tó ti yọ́ tó sì ti rùn, kò sí oníbàárà tó máa bá ẹ ná an.

Àwọn míì máa ń dá ọjọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ oní-dísù ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀ bó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 250, àmọ́ ìwé tó bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá ló máa sọ tirẹ̀. Aago kékeré kan wà lójú pátákó ẹ̀ tó ń ka wákàtí náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: bí a bá ń tàn án fún wákàtí 6 lóòjọ́, bíi ọjọ́ iṣẹ́ 42 ni yóò lò kó tó pé 250. Bí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, tí a ń ná ọjà lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, bíi ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ni yóò pé. Ẹ ò rí i? Ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an! Ta ló máa pa jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Nítorí náà, ká fà á síwájú sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ní ọjọ́ tí ọjà dá.

Ọjọ́ dídá nìkan ò tó ṣá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. H. Waddington, yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun wọn wò. Bí ọkọ̀ bá ti fò fún wákàtí 50, wọ́n á tú u yẹ̀wò. Ó rí i pé kété tí wọ́n bá tú u tán ni ìbàjẹ́ ń pọ̀ jù lọ, kó tó wá máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Títú tí wọ́n ń tú u láìnídìí ló ń ba ohun tó dára jẹ́. Ẹ rántí èyí bí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nígbà tí kò sí àmì kankan.

Ọ̀nà tó kù ni pé ká máa wo ara ẹ̀rọ, ká máa kọ ohun tí a rí sílẹ̀, ká fi mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ní àwọn ilé ńláńlá, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ kan mọ́ ara mọ́tò ẹ̀rọ amúlétutù, yóò máa mọ bí ó ṣe ń gbọ̀n àti bí ó ṣe ń gbóná, yóò sì máa sọ fún kọ̀ǹpútà. Etí wa, ojú wa àti ìwé kékeré kan lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wo èéfín jẹnẹrétọ̀. Bó bá dúdú kirimú, ó lè jẹ́ pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí tàbí pé ẹrù tí a gbé lé e ti pọ̀ jù. Bó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi ńkọ́? Ẹ fi aago wò ó. Bí táǹkì tó máa ń kún ní ìṣẹ́jú 40 bá ti ń gba 45, tó tún di 55, ẹ má dúró de ìgbà tí omi máa dá. Ẹ pe oníṣẹ́.

Ti yàrá tútù ló ṣe pàtàkì jù sí mi. Ẹja dídì yẹ kó wà ní -18 lójú tẹmómítà. Bí ẹ̀rọ bá ti ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo irin rẹ́gẹrẹ̀gẹ ẹ̀yìn ẹ̀, eruku lè ti dí i. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn: ẹ fi bébà há a, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti kú nìyẹn, ooru ń wọlé. Bí méjèèjì bá dára, gáàsì lè máa jò, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà tàbí bẹ́líìtì tó ń yí o!

Ìwé ti wà lára ògiri yàrá jẹnẹrétọ̀ báyìí, a so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ ni kó kọ wákàtí, àwọ̀ èéfín àti iye tẹmómítà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi á máa mú un lọ fún mẹkáníìkì wa lọ́jọọjọ́ Sátidé.